Àdán Ilẹ̀kùn Omi

"Ta ló ni àdán?" Guillem béèrè, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sórí àga tí Voro fẹ́ jókòó sí.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, àkókò tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ búrẹ́dì. Voro di tirẹ̀ mọ́wọ́, búrẹ́dì gígùn tí bàbá rẹ̀ àgbà ti há ẹyin àti ọ̀dùnkún díndín sí láàárín. Láti ọdún mẹ́ta tó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí, orí ìdúró ló ti ń jẹ ẹ́.

"Àkèré, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ta ló ni àdán?"

"Ìlú ló ni ín," Voro dáhùn.

Àwọn mẹ́rin tó yí Guillem ká bú sẹ́rìn-ín.

"Ìlú kẹ̀! Ẹ gbọ́ ará oko! Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Valencia ló ni ín, ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin Levante jí i gbé ni, ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Níbo la ti rí àkèré tó ń fò?"

Voro fẹ́ fèsì pé òbúkọ náà kì í fò, nítorí òbúkọ ni orúkọ tí àwọn Levante fi ń bú àwọn Valencia, bí àwọn náà ṣe ń pe tiwọn ní àkèré. Ṣùgbọ́n ó gbé èsì náà mì pẹ̀lú òkèlè búrẹ́dì kan.

Kò sí ibi tí àdán yẹn kò sí ní ìlú wa. Ó na ìyẹ́ lórí àmì ìlú, ó wà lára ìdérí kòtò ojú títì, ó wà lára òpó iná, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjèèjì sì gbé e sáyà, òun àti ìlà pupa òun ìyeyè kan náà. Ogún ìdílé ni, ọmọ ìyá méjì ló jọ ni ín. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí kò lè sọ bí àdán ṣe dé orí àmì ìlú ti ṣe tán láti lu ara wọn nítorí rẹ̀, àwọn àgbà tó sì yẹ kó kọ́ wọn ń jókòó tì wọ́n ní pápá, wọ́n ń bá wọn kọ orin èébú. Ta ni ká bá wí?

"Ó dáa," Guillem wí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìjókòó kan ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ wa fún ìdíje ọjọ́ Àìkú. Ní Mestalla, pápá Valencia, láàárín àwa gan-an. O mọ àdán irin tó wà lórí ilẹ̀kùn omi lẹ́yìn oko yín, èyí tí wọ́n kùn ní búlúù àti pupa? Mú un wá, kí ìjókòó náà di tìrẹ."

"Ilẹ̀kùn omi ni, Guillem, kì í ṣe..."

"Àmì Levante ni! Mo fojú mi rí i nígbà tí mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Àbí ẹ̀rù ń bà ẹ́?" Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àga. "Jókòó. Jẹun."

Voro jókòó. Ohun tí wọ́n fi rà á kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Voro mọ àdán náà dáadáa. Lẹ́yìn pápá Levante ní Orriols, níbi tí ilé alájà púpọ̀ ti parí tí oko òfíò ti bẹ̀rẹ̀, ni òun àti Batiste, bàbá rẹ̀ àgbà, ń gbé. Ìyá rẹ̀ ń dáná ní ilé ìtura kan ní erékùṣù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń wálé. Ọ̀nà omi kan ló la ààlà láàárín oko wọn àti ti Ìyá Toneta, opó tó gba Valencia gbọ́ ju bó ṣe gba àlùfáà gbọ́ lọ. Lórí ọ̀nà omi yìí ni ilẹ̀kùn náà wà, àdán irin sì jókòó sórí rẹ̀. Ní ọdún tí Levante gòkè sí ìpele àgbà, Batiste fi ọ̀dà búlúù àti pupa kùn ún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di funfun báláú, àwọ̀ Valencia. Láti ìgbà náà, ogún ọdún ó lé, ẹgbẹ́ kan kì í borí èkejì kí àdán má pààrọ̀ aṣọ.

"Toneta, ta ló tún fi ẹfun kun ẹran mi?" Batiste a pariwo láti òdìkejì omi.

"Mo wẹ̀ ẹ́ ni o. Àkèré ti tọ̀ sí i lára."

"Dúró de ọdún tó ń bọ̀, ìyá òbúkọ!"

Lẹ́yìn náà wọn a jọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn obìnrin náà, wọn a mu omi òfíò tútù, wọn a sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ òjò.

Ọ̀dà yìí ló ṣi Voro lọ́nà. Láti kékeré, àmì bọ́ọ̀lù ló mọ àdán yẹn sí, ohun ìṣeré àgbà méjì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kí bọ́ọ̀lù tó wọ ìlú ni ìlú ti fi í síbẹ̀, àti pé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àdán náà ni nọ́ọ̀tì tó di ọ̀pá irin ilẹ̀kùn mú. Ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ń gbá mú láti yí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí oorun gbé gbogbo oko, Voro mú sípánà ńlá tí bàbá rẹ̀ àgbà fín lẹ́tà B sí, ó sì lọ. Àdán kọ́kọ́ kọ̀. Ó tún fà á, ìpáàrà sì dún fínfín kí ó tó yí. Nígbà tó wá sí i lọ́wọ́, ó wo ilẹ̀kùn náà: kò mì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ajá kan gbó lọ́nà oko, ó ju irin náà sínú àpò ìwé, ó sì sáré wọlé. Sípánà ṣẹ́ kù sínú koríko.

Ní ọjọ́ kejì, wákàtí mẹ́ta ṣáájú ìdíje, àpò Voro tú sórí tábìlì ilé ọtí kan nítòsí Mestalla. Guillem gbé àdán sókè, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì hó yè. Wọ́n so ìborùn funfun mọ́ Voro lọ́rùn, ẹnìkan ra ohun mímu fún un, ẹnìkan pè é ní "Voro" láìfi àkèré sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Níbo lo wà?" Ohùn bàbá rẹ̀ àgbà kò jọ ohùn rẹ̀.

"Mo wà pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí yóò sọ gbólóhùn yẹn láyé rẹ̀.

"Máa bọ̀ nílé. Ilẹ̀kùn omi ti já. Omi ti gba oko Toneta."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Voro. Ó di apá Guillem mú. "Fún mi padà. Jọ̀ọ́, fún mi ní irin yẹn. Omi ti wọ oko."

"Irin wo? Àwọn ẹ̀gbọ́n ti gbé e lọ. Ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn kì í padà."

"Ìwọ lo ní kí n mú un wá!"

"Èmi?" Guillem wo àwọn tó kù, ó sì gbọn èjìká. "Tó o bá dárúkọ mi níbikíbi, màá ní mi ò mọ̀ ẹ́ rí. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́ nínú àwa méjèèjì?"

Voro bọ́ ìborùn sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn dé ilé.

Ẹni tí kò bá gbin òfíò rí lè má mọ ohun tí omi ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìkórè ti dé. Wọ́n ti sun ewé rẹ̀, ilẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀rọ ìkórè ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Gbogbo iṣẹ́ Ìyá Toneta láti oṣù Kẹrin ń bẹ nínú ilẹ̀ gbígbẹ yẹn. Omi tó ya wọlé láti ìdájí, nígbà tí ọ̀pá irin tí kò ní nọ́ọ̀tì mọ́ já, ti sọ ọ́ di ẹrọ̀fọ̀ tí ẹ̀rọ kankan kò lè wọ̀. Òfíò tó bá sùn nínú omi yóò rà ni.

Obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún náà wà nínú rẹ̀ dé orúnkún, ó ń fi ọwọ́ lásán wú u, ó ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀. Batiste dúró ní bèbè, kò lè wọ inú rẹ̀, kò sì lè kúrò.

"Toneta, jẹ́ kí n ràn ẹ́ lọ́wọ́."

"Má fẹsẹ̀ kan oko mi." Kò gbé ojú sókè. "Ogún ọdún la ti ń fi àdán yẹn ṣeré, Batiste. Mo rò pé eré ni. Mo ń rẹ́rìn-ín! Èmi kò mọ̀ pé o ń wá ọjọ́ tí wàá fi pa mí."

"Èmi kọ́. Mo fi ojú mi méjèèjì búra."

Quelo, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà omi, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko. Nígbà tó dìde, sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó sì ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀.

"Bàbá Batiste," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ló ni èyí?"

Batiste wo sípánà. Lẹ́yìn náà ó yíjú, ó wo Voro, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Èmi ni mo ni ín," ó dáhùn.

Ìyá Toneta ní òun yóò gbé e lọ síwájú àwọn adájọ́ omi ní Ọjọ́bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìrẹsì ọjọ́ Àìkú tútù sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó bu ṣíbí kan.

"Voro, ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ fún mi?"

"Rárá, Bàbá."

Batiste mi orí. "Fetí sílẹ̀, kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹni tó ṣe é bá tọ Toneta lọ kó tó di Ọjọ́bọ̀, tó kúnlẹ̀, tó ní òun ni, ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo mọ obìnrin yẹn: á bú u, á gbá a létí, á sì fà á dìde. Ṣùgbọ́n tó bá dé ẹnu ọ̀nà ìjọ àgbà, níbi tí àwọn adájọ́ omi ń jókòó, ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ ti parí. Kò sí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. O sì mọ onílẹ̀ wa. Ọdún mẹ́wàá ló ti fẹ́ ta ilẹ̀ yìí fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìwé àdéhùn àtijọ́ ló dá a dúró: kò lè lé wa, àfi tí wọ́n bá dá wa lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ omi. Ẹ̀bi kan ṣoṣo ló ń wá."

Voro gbọ́. Kò sí gbólóhùn tí kò yé e. Ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, ojú Ìyá Toneta nínú ẹrọ̀fọ̀ ló rí.

"Mo gbọ́, sà," ó wí, ó sì lọ sùn.

Ní ọjọ́ Ajé, Batiste tún béèrè. "Rárá, Bàbá." Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Voro dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Toneta. Ó gbé ọwọ́ láti kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú ilé, ó gbọ́ bó ṣe ń da òfíò sínú omi láti ṣà á. Ọwọ́ náà wá sílẹ̀ láìkan nǹkankan. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Batiste béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, "Rárá" kan náà ló gbọ́. Ní Ọjọ́rú, ó bẹ Guillem nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

"Bá mi lọ. Ká jọ sọ ọ́. Tí a bá pé méjì, kò ní le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gba ilé wa, Guillem."

"Àwa kẹ̀? Ta ni àwa?" Guillem fi búrẹ́dì sẹ́nu. "Ẹ lọ yanjú ọ̀rọ̀ omi yín. Àkèré kì í kú sínú omi."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Voro sì padà sí ìdúró rẹ̀. Àwọn àgbà ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ó wá hàn sí Voro báyìí ohun tí àdán ń rí.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, Batiste béèrè fún ìgbà kẹrin. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀. "Ọ̀la ni, ọmọ mi. Ilé Toneta kò ju ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ."

"Mi ò ní nǹkan láti sọ, sà."

Aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ lu ní ilé agogo ìjọ àgbà. Àwọn adájọ́ omi mẹ́jọ jókòó yípo ní ẹnu ọ̀nà, àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, aṣọ dúdú bo aṣọ iṣẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Kò sí ìwé, kò sí lọ́yà. Ẹnu ni wọ́n fi ń rojọ́ níbẹ̀, láti ayé àwọn baba ńlá wa. Àwọn àlejò tó wá wòran gbé fóònù sókè bí ẹni ń wo eré orí ìtàgé. Wọ́n ń ya fọ́tò ọkùnrin tí ilé rẹ̀ fẹ́ wó.

Ààrẹ wọn na ẹsẹ̀ sí Ìyá Toneta, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́ka níbẹ̀. "Ẹ̀yin, ẹ sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà rojọ́ rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni: àdán tó sọnù, ilẹ̀kùn tó já, sípánà tó wà nínú koríko. Orí òfíò tó rà ló parí rẹ̀ sí.

Ẹsẹ̀ náà yí sí Batiste. "Ẹ̀yin, ẹ sọ̀rọ̀."

Voro dúró sẹ́yìn ọgbà irin, láàárín èrò. Ó ń retí kí bàbá rẹ̀ àgbà sẹ́. Bó bá sẹ́, wọn yóò wádìí; bí wọ́n bá ń wádìí, ọjọ́ yóò gùn sí i; bí ọjọ́ bá gùn, bóyá òun yóò rí ìgboyà. Bí ó ṣe ṣírò rẹ̀ nìyẹn.

Batiste bọ́ fìlà. "Èmi ni," ó wí.

Ìyá Toneta gbé orí sókè lójijì. "Batiste, kí lo wí? Kí lo..."

"Ẹ̀yin, ẹ dákẹ́," ni ààrẹ wí. Ó tún kọjú sí Batiste. "Ṣé ẹ ní ohun mìíràn láti fi kún un?"

"Rárá."

Wọ́n forí korí. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ààrẹ ní Batiste jẹ̀bi, kí ó san gbogbo ohun tó bàjẹ́ lóko Ìyá Toneta àti owó ìtanràn, gẹ́gẹ́ bí òfin àtijọ́.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó ti há sí Voro lọ́fun láti ọjọ́ Àìkú ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọ̀nà. Ó gun ọgbà irin kọjá. "Èmi ni! Kì í ṣe òun! Èmi ni mo yọ ọ́! Bàbá mi parọ́, ó parọ́ nítorí mi!"

Gbogbo fóònù yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn adájọ́ wo ara wọn. Ààrẹ, àgbàlagbà tí ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi, wò ó tàánú-tàánú.

"Ọmọ, a ti béèrè. Nígbà tí a ń béèrè, níbo lo wà?"

"Mo wà níhìn-ín, sà."

"A ti dájọ́. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá níhìn-ín kì í padà, nítorí bó bá ń padà, kò sí oko tí yóò rí omi." Ó dìde. "Bá bàbá rẹ lọ sílé."

Ìyá Toneta ti jókòó sílẹ̀ lórí òkúta. Ó ń wo Voro, ó ń wo Batiste, ó sì ń na ọwọ́ lu orúnkún ara rẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ̀yin méjèèjì! Ìgbésẹ̀ ọgọ́rùn-ún ni ilé mi!"

Onílẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì pé. Ó fi ìwé ránṣẹ́: oṣù Kìíní, kí wọ́n kó jáde. Ìyá Toneta wọ bàtà ìsìn rẹ̀, ó gbéra lọ sí ọ́fíìsì onílẹ̀ náà láàárín ìlú.

"Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ ni mo dúró síwájú yín yìí," ó wí. "Mo ti dárí jì í. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá, ẹ̀yin lẹ dárí jì. Ìwé kò dárí jì."

Ọkùnrin tí kò gbin ewé kan rí ló sọ bẹ́ẹ̀, lórí ilẹ̀ tí Batiste ti fi àádọ́ta ọdún ro. Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń bí èèyàn nínú nìyẹn: ìkà tí ń dúró lẹ́bàá òfin, tí ń ṣọ́ ọ bí ológbò ṣe ń ṣọ́ ihò eku, títí ọmọdé kan yóò fi ṣe àṣìṣe fún un.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń di ẹrù, Voro kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ fi gbà pé ẹ̀yin ni? Ẹ mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀ bá sẹ́."

Batiste ń ká aṣọ. Kò dá iṣẹ́ dúró. "Bí mo bá sẹ́, wọ́n á wádìí, wọ́n á sì rí ẹ. Wọ́n á pe ìwọ ní apanirun, ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lójú gbogbo ayé. Mo ti gbó. Mo ti lo orúkọ mi tán. Tìẹ ṣì tuntun." Ó ká aṣọ mìíràn. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bi ẹ́, Voro. Mi ò béèrè torí kí n lè mọ̀. Mo ti mọ̀ láti ojú oko. Mo ń la ọ̀nà fún ẹ ni."

Voro kúnlẹ̀ láàárín àpótí, ó sunkún bí ọmọ tó sọnù lọ́jà. Bàbá rẹ̀ àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti tán, nítorí kò tíì tán.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù dé, Ìyá Toneta sọdá wá pẹ̀lú àpò kékeré kan. Òfíò ni, ìwọ̀nba tó rí ṣà nínú ẹrọ̀fọ̀ tí kò tíì rà.

"Èyí tó dáa jù ni mo yọ sọ́tọ̀," ó wí. "Fún gbígbìn."

Batiste gba àpò náà. Ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbọ́n ọn wò bí àgbẹ̀ ṣe ń ṣe, ó sì dà á padà. Ó wo ilé alájà púpọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí wọ́n ti gba yàrá méjì fún wọn ní àjà kẹfà.

"Ibo ni n ó gbìn ín sí, Toneta?"

Batiste dá àpò náà padà sí i lọ́wọ́, ó sì wọ ọkọ̀.

Àwọn baba wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Òótọ́ ni Voro sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ pọ́ńbélé, lójú ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ìṣẹ́jú kan péré ló fi pẹ́, ìṣẹ́jú náà sì gba ilẹ̀ àádọ́ta ọdún. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹgbẹ́ tó bá ní kí o kọ́kọ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́ kí ó tó gbà ọ́ kò ní gbà ọ́ láé. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá sì ti yọ̀, sọ ọ́ nígbà tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ ṣì ń béèrè. Bí ó bá béèrè tí ó sì dákẹ́, kò túmọ̀ sí pé o ti bọ́. Ó ti ń bá ọ ru ú ni.